Síkúrù nínú dùùrù: ṣé orin nìyẹn, àbí ìbàjẹ́?

DùùrùNìkan · Ọjọ́ Ajé, aago 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí kí wọ́n tó gba ìdí dùùrù lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbàdàn ni mo wà. Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ akọrin ti túká, mo ṣí ìdérí píánò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mo gbé òkúta tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dúró lé pẹ́dà ọ̀tún, kí tìmùtìmù tó ń pa ohùn lè kúrò lórí wáyà. Mo wá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ara píánò ti tẹ̀, mo na ọwọ́ sínú, mo fi ìka fa wáyà ohùn ìsàlẹ̀ gbọọrọ, bí ẹni ń nu eruku lára okùn. Ẹ wò ó, irun orí mi dìde. Kò jọ ohùn dùùrù rárá. Ó ń hu, ó ń ké, ó ń gòkè, bí ẹ̀fúùfù ọyẹ́ tó há sẹ́nu fèrèsé.

Àṣé olórí akọrin wa gbàgbé fóònù rẹ̀. Bó ṣe wọlé padà nìyẹn tó bá mi, mo ti ki orí bọ inú píánò títí dé èjìká. Ó ní, “Ṣé ìfun rẹ̀ lo fẹ́ tú ni?” Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ báyìí.

Orin tí mo ń kọ́ yìí, Henry Cowell, ará California, ló kọ ọ́ ní 1925. *The Banshee* lórúkọ rẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sídìí kíì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kejì ló ń ṣe gbogbo orin lórí wáyà, ní ìdúró. Èmi kò ní ẹnì kejì ni mo ṣe lo òkúta.

Ìbéèrè mi: ṣé lóòótọ́ ni mo ba nǹkan jẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni sì wà níbí tó ń tẹ irú orin báyìí, tàbí èyí tí wọ́n ń ki síkúrù sáàárín wáyà?

Ọ̀gbẹ́ni_Mushin · 7:52

Kí ni wọ́n ń pè ní banshee?

DùùrùNìkan · 7:55

Àwọn ará Ireland ní iwin obìnrin kan ni, tó máa ń pohùnréré ẹkún lóru bí ẹnì kan nínú ẹbí bá fẹ́ kú.

Ọ̀gbẹ́ni_Mushin · 7:56

O lọ pe iwin tó ń kéde òkú níwájú pẹpẹ, o wá ń bi wá bóyá o ṣẹ̀ 😂😂 Wọn ò tíì da òróró lé ọ lórí, o ò dúpẹ́.

Alákòóso_Akọrin · 9:10

Èmi náà ń darí akọrin, ọdún kọkànlélógún rèé, torí náà ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹni tí kò sí níbí. Ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí ìjọ fi ń dáwó kí píánò tó wọlé? Tiwa gba ọdún mẹ́ta. Ìkórè méjì la fi ṣe é, ìyá àgbà kan sì ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sí i. Bí mo bá wọlé tí mo bá ọmọkùnrin kan tó ki orí bọ inú rẹ̀, n kò ní béèrè ọdún tí wọ́n kọ orin náà.

Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ṣe píánò fi kíì 88 síta, ó sì gbé ìdérí lé ìyókù. Ó mọ ìdí tó fi bò ó. Wọ́n fún yín ní ṣíbí, ẹ ní ọwọ́ lẹ fẹ́ fi bọ ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe èyí lókè òkun, wọ́n ti jẹun yó ni, wọ́n wá ń fi èyí tó kù ṣeré.

Àkẹ́kọ̀ọ́Orin · 10:31

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ti John Cage, ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ kíki síkúrù sáàárín wáyà yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹyó. Àìsáyè ló bí i.

Ní Seattle ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ Cornish. Cage ló ń tẹ dùùrù fún àwọn oníjó níbẹ̀. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Syvilla Fort, fẹ́ jó ijó tuntun kan tí wọ́n pè ní *Bacchanale*. Ó fẹ́ kí ijó náà ní àwọ̀ Áfíríkà, ó sì ní kí Cage kọ orin sí i. Ìlù àti agogo ló wà lọ́kàn Cage, torí irú ẹ̀ ló ń kọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ jó kò gba onílù. Píánò nìkan ló rí àyè.

Ọ̀nà Schoenberg, olùkọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbà: ó fẹ́ to ohùn 12 tẹ̀léra kí wọ́n lè dún bí ti Áfíríkà. Kò bọ́ sí i. Ó wá rántí Cowell, torí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ òun náà rí. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé àwo tí wọ́n fi ń yan páì, ó gbé e lé wáyà. Ohùn yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo ń fò kiri. Ó ki ìṣó sáàárín wáyà, ìṣó yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Ó wá mú síkúrù tí wọ́n fi ń de pákó. Eyín síkúrù gé wáyà mú, kò lọ ibi kankan. Báyìí ni píánò kan ṣe di odindi ẹgbẹ́ onílù, tí ẹnì kan ṣoṣo ń lù. 1940 nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, ó kọ *Sonatas and Interludes*, láti 1946 dé 1948. Sonata, ìyẹn orin kúkúrú, jẹ́ 16; interlude, èyí tó wà láàárín wọn, jẹ́ 4. Ohùn 45 ló ní kí wọ́n ki nǹkan sí nínú: síkúrù, bóòtì, nọ́ọ̀tì, rọ́bà, ike. Ó ya àtẹ síwájú ìwé orin náà tó sọ pé wáyà báyìí, ohun báyìí, kó jìnnà sí tìmùtìmù tó báyìí. Títò ó nìkan lè gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kíì.

Ọ̀gbẹ́ni_Mushin · 10:40

Wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ti fújì, kí jẹnẹrétọ̀ ṣáà ti ṣí ni.

ỌmọÀyàn_Ọ̀yọ́ · 1:15 ọ̀sán

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ọmọ yìí, ẹ wá sí agbo ilé wa.

Bàbá mi ní ìyáàlù bàtá. Ojú méjì ló ní: ojú òjò, èyí tó fẹ̀, àti ṣáṣá, èyí tó kéré. Kí bàbá tó gbé e jáde lọ ṣeré, wọ́n á mú ìda, nǹkan dúdú kan tó le bí ọ̀dà tó ti gbẹ. Wọ́n á yá a níná díẹ̀ kó rọ̀. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òjò, wọ́n á máa tẹ etí rẹ̀ yíká títí á fi pẹlẹbẹ. Wọ́n á wá lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ́tí. Bó bá ṣì ń hó, wọ́n á fi kún un. Bó bá ti kú jù, wọ́n á fi èékánná họ díẹ̀ kúrò, wọ́n á tún lù ú. Ìgbà mìíràn wà tí ìránṣẹ́ olóde ti dé, tí ìyàwó ń retí, tí bàbá ṣì ń họ ìda. Láìsí ìda, ojú òjò á kàn máa dún gbùùù bí àgbá òfìfo. Ó ń pariwo ṣáá ni, kò sọ̀rọ̀. Ìda ló ń gé ohùn yẹn kúrú tí ọ̀rọ̀ fi ń mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ tún wo ìyáàlù dùndún. Awọ kò ha tó? Kí ni ṣaworo ń wá létí ẹ̀? A kò fẹ́ ohùn tó dá dúró ni. A fẹ́ kí nǹkan máa mì lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Cage ki rọ́bà sáàárín wáyà, ìda ló fi sí i. Èyí tí wọ́n sì ń fi nọ́ọ̀tì sí lórí bóòtì láì dè é le, kó lè máa dún jìnwìn-jìnwìn, ṣaworo nìyẹn. Ọkùnrin yẹn wá Áfíríkà títí láàárín ohùn 12, kò rí i. Ọjọ́ tó fi ọwọ́ onílù mú píánò ló rí i. Kò mọ̀ wá, kò dé ilé wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà débẹ̀.

Alákòóso_Akọrin · 1:48

Ọmọ Àyàn, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n o yọ́ nǹkan kan fò. Bàtá àti ìda jọ wá ni. Ẹni tó gbẹ́ igi rẹ̀ mọ̀ pé ìda ń bọ̀. Ẹni tó ṣe píánò kò mọ̀ pé síkúrù ń bọ̀.

Àkẹ́kọ̀ọ́Orin · 2:05

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ní Vienna, wọ́n ń ta píánò tí pẹ́dà rẹ̀ tó mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. O tẹ ọ̀kan, bébà á bọ́ sórí wáyà ohùn ìsàlẹ̀, ohùn á di èyí tó ń ránmú. O tẹ òmíràn, igi olórí rọ̀bọ̀tọ̀ á lu pákó ìdí píánò gbì, agogo wẹ́wẹ́ á sì dún pẹ̀lú rẹ̀. Orin àwọn ọmọ-ogun Tọ́kì ló wà lóde nígbà náà, olúkúlùkù ló ń fẹ́ ẹ nínú pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, àṣà yẹn kọjá, àwọn tó ń ṣe píánò sì yọ àwọn pẹ́dà náà kúrò.

Alákòóso_Akọrin · 2:07

Wọ́n yọ wọ́n kúrò. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́.

BàbáWáyà · 8:20 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Èkó ni mo wà, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohùn píánò ṣe, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti ṣí píánò tí eku bímọ sí. Mo ti bá owó ọrẹ nínú rẹ̀, mo ti bá ike tí wọ́n fi ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Síkúrù kò tíì pa píánò kankan lójú mi. Òógùn àti ọ̀rinrin ló ń pa wọ́n.

DùùrùNìkan, ibi tí o ti jẹ̀bi nìyí: ọwọ́ lásán lo fi wọ inú rẹ̀. Epo wà lára ìka, iyọ̀ wà níbẹ̀. Irin ni wáyà, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa sì kún fún omi. Ibi tí ìka kàn lónìí, tó bá máa fi di oṣù méjì, á ti dípẹtà. Ti ìsàlẹ̀ tí o wá fà yẹn tún nira ju ìyókù lọ, torí wọ́n fi bàbà wé e. Ìdọ̀tí á wọ àárín bàbà yẹn, ohùn á kú, n kò sì ní oògùn kan fún un ju kí n pààrọ̀ rẹ̀. Fọ ọwọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ nu wáyà bí o bá ti ṣe tán.

Ní ti síkúrù. Wáyà tó wà nínú píánò kan lé ní 200, gbogbo bí wọ́n sì ṣe ń fa férémù irin inú rẹ̀ pọ̀, ó tó tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ìwàǹwára ṣe é. Kíì ti òkè ní wáyà mẹ́ta-mẹ́ta, bí a bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ ó di méjì-méjì, ti ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ ní ẹyọ kan. Àárín wáyà méjì tó jẹ́ ti kíì kan náà ni nǹkan ń wọ̀. Kọ́kọ́ tẹ pẹ́dà ọ̀tún kí tìmùtìmù gbé ara rẹ̀ kúrò, kí o má baà tẹ̀ ẹ́ wọ́. Má fi agbára ti síkúrù wọlé. Mú ike pẹlẹbẹ, fi ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀, gbé síkúrù sí i, kí o wá yọ ike. Síkúrù tó bá tóbi jù á ti wáyà kúrò nípò rẹ̀, ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ ti máa jà. Èyí tó bá kéré jù á já bọ́. Má gbé irin líle lé wáyà tí wọ́n fi bàbà wé. Gé rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, òun ló yẹ ibẹ̀. Kí nǹkan kan má sì kan ibi tí hámà, igi tó ń lu wáyà bí o bá tẹ kíì, máa gbá.

Ọ̀kan tó kù: ka gbogbo ohun tí o bá kó wọlé, kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí o bá ń kó wọn jáde, tún kà wọ́n.

Alákòóso, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni tún ohùn píánò yín ṣe gbẹ̀yìn? Ṣé kì í ṣe abẹ́ fèrèsé ló wà, níbi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé?

Alákòóso_Akọrin · 8:44

Ọdún mẹ́rin, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ fèrèsé ni. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn akọrin mi kan wà níbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i.

ÌyáTáyé_London · 10:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Èmi kì í tẹ dùùrù, ọmọ mi ló ń kọ́ ọ, òun ló fà mí lọ gbọ́ *Makrokosmos* ti George Crumb níbí. Ará West Virginia ni Crumb; ó kọ ìwé kìíní rẹ̀ ní 1972, ìkejì ní 1973, orin méjìlá-méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àmì ìràwọ̀ kan. Wọ́n gbé máíkì sétí píánò kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lè dé etí gbogbo èèyàn.

Ìlà kejì la jókòó sí, mo rí ọwọ́ arákùnrin tó ń tẹ píánò. Arákùnrin náà mú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí wáyà ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó jókòó, ó tẹ ohùn ìsàlẹ̀. Ṣéènì gbọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn dún ẹ̀rrrrr, mo rò pé ọkọ̀ ojú-irin ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀ wa. Nígbà tó tún ṣe, ó ń súfèé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi tó ti sùn lọ ta jí, ó ní “Jésù!” sókè. Àwọn òyìnbó iwájú wa yíjú.

Kí n má purọ́, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn mọ́ mi. Àwọn ibì kan wà tó dà bíi kí ẹni náà kàn ń wá nǹkan nínú àpò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn eré, wọ́n jẹ́ kí ọmọ mi rí ìwé orin náà. Ìlà orin inú rẹ̀ kò lọ gbọọrọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ká òmíràn bí òrùka, wọ́n yí òmíràn bí ìkarahun ìgbín, wọ́n ya ọ̀kan bí àgbélébùú. Alákòóso, ẹ gbé èyí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ fún ọmọ yìí o: orin alágbèélébùú wà nínú ẹ̀.

Ọmọ mi tún ní kí n sọ fún yín pé ọ̀gbẹ́ni kan ti wà ní Colorado College, ní Amẹ́ríkà, rí, Stephen Scott, tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1977. Èèyàn mẹ́wàá ló máa ń dúró yí píánò kan ká, ìdérí rẹ̀ á ti kúrò, wọ́n á gba okùn tí wọ́n fi ń pẹja kọjá lábẹ́ wáyà, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀. Bí mo ṣe wo fídíò rẹ̀, àwọn tó ń kun àgbò iléyá ni mo rántí. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ ṣáà dùn. Ó ń dún bíi gòjé tó pọ̀.

Àkẹ́kọ̀ọ́Orin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú wa wálé díẹ̀. 1935 ni wọ́n bí Akin Euba, ọ̀gá nínú kíkọ orin sílẹ̀, ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òun náà kọ orin sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n bí ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Helmut Lachenmann.

Ní 1970, Euba kọ *Scenes from Traditional Life* fún píánò. Ohun tó ń lé ni èyí tó pè ní African pianism: kí píánò gbàgbé pé òyìnbó ló bí òun, kó máa ṣe bí ìlù, bí agídìgbo, kí ọwọ́ kan máa sọ ohun kan náà lásọtúnsọ, kí èkejì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n orí kíì ló ti ń ṣe é.

Ní 1970 kan náà, Lachenmann kọ *Guero*. Nínú tirẹ̀, wọn kì í tẹ kíì mọ́lẹ̀. Èékánná ni wọ́n fi ń họ ojú kíì lọ bọ̀, iwájú rẹ̀, orí rẹ̀, orí àwọn dúdú, títí dé orí àwọn ìṣó tí wọ́n fi ń fa wáyà le. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀, kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀. Güiro, akèrègbè aláàlà tí wọ́n ń fi igi họ ní Cuba àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ló fi sọ ọ́ lórúkọ. (Ẹ jẹ́ kí n ṣí ẹsẹ̀ díẹ̀: güiro yẹn náà ni àwọn Lùkùmí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Cuba, ń pe òde tí wọ́n bá fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe.)

Ẹgbẹ́ kan náà, ọdún kan náà, píánò kan náà. Èmi gbà pé ti Euba le jù, torí kò ní síkúrù tó máa bá a ṣe iṣẹ́ ohùn. Ọwọ́ nìkan ló ní.

Alákòóso_Akọrin · 9:40

Ti Lachenmann yìí, kò sí ohun tó wọ inú píánò. Ìyẹn lè kọjá lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kó gé èékánná rẹ̀ ṣá.

Àkẹ́kọ̀ọ́Orin · 9:41

Bó bá gé e, orin tán nìyẹn 😄

ỌmọÀyàn_Ọ̀yọ́ · 12:30 ọ̀sán

Mo gbọ́ ti Euba lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ibì kan wà tí mo gbọ́ ọmọ ìlù, mo gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí nínú píánò. Kò lè yọ́. Bí mo bá fẹ́ fi dùndún pe ẹni tó ń jẹ́ “Adé”, mo máa fún ọṣán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ara ìlù, díẹ̀ bí ohùn ṣe ń jáde, kó gbéra ní ohùn àárín kó yọ́ lọ sókè. Tí píánò bá ti dún, ó ti dún nìyẹn. Ibi tí hámà gbá a sí ló máa kú sí. Ọmọ Yorùbá kankan kì í sọ̀rọ̀ báyẹn àfi tó bá ń bínú.

Torí náà èmi kò rí ìdí tí a fi máa dúró sórí kíì. Bó bá jẹ́ inú rẹ̀ ni ohùn ti lè yọ́, ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀.

ÌyáTáyé_London · 12:58

Ọmọ mi ní ó lè yọ́ o! Nínú ìwé kejì Crumb, ibì kan wà tí wọ́n ti ń gbé ife gíláàsì lé wáyà, tí wọ́n á tẹ kíì, tí wọ́n á sì máa fa ife náà lọ. Ohùn á tẹ̀ lé ife.

ỌmọÀyàn_Ọ̀yọ́ · 1:03

Ife gíláàsì. Ẹ wò ó, mo ti rí ọṣán mi.

DùùrùNìkan · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti bẹ àwọn àgbà ìjọ, wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdérí kò gbọdọ̀ ṣí. Mo sọ ti àgbélébùú Crumb fún wọn. Bàbá kan ní òun á gbàdúrà sí i.

Àǹtí mi kan ní Mọ́kọ́lá ní píánò olóòró kan tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Wọ́n ní kí n lọ ṣe é bó bá ṣe wù mí, torí igi rẹ̀ ni àwọn ń gbé fọ́tò lé. Mo tú pákó iwájú rẹ̀. Mo fọ ọwọ́, Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ka síkúrù 14, rọ́bà mẹ́fà tí mo gé láti ara ìparẹ́ méjì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé píánò tó dúró kò dà bí èyí tó dùbúlẹ̀. Síkúrù tí mo bá fi sí i, bí mo bá ti gbá kíì rẹ̀ le lẹ́ẹ̀mẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba, á sì já bọ́. Rọ́bà ló ń dúró. Nígbà tó fi máa tó aago mẹ́rin, ohùn mẹ́sàn-án ló ti gbà fún mi. Méjì ń dún bí agogo tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọ̀kan ń dún kọ́, bí ìgbà tí wọ́n kan orí igbá. Ọ̀kan tí mo fi síkúrù àti nọ́ọ̀tì sí ń ké jìn-ín lẹ́yìn, ó sì ń mú ohùn kan dání nísàlẹ̀ tí kì í ṣe ohùn rẹ̀ gan-an, n kò mọ ibi tó ti rí i. Mo kàn ń yí láàárín mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ́ẹ̀. N kò kọ orin kankan. Ọmọ alájọgbélé yọjú lójú fèrèsé, ó ní ta ni wọ́n ń ṣègbéyàwó fún.

Mo gbìyànjú ife gíláàsì fún Ọmọ Àyàn. Lórí èyí tó dúró, ọwọ́ ni mo fi di ife mú mọ́ wáyà. Ó yọ́ díẹ̀. Kò tíì lè pe “Adé”. Ó pe nǹkan kan tó jọ “ẹ̀ẹ́”.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ gbà mí. Síkúrù 14 ni mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mò ń kó wọn wọlé. 13 ló jáde.

BàbáWáyà · 6:22

Má tẹ kíì kankan. Ó ti wà nísàlẹ̀, nídìí pẹ́dà. So mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ okùn, sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn kíì, kí o máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni_Mushin · 6:24

Ohùn wo ni mágnẹ́ẹ̀tì ń dún?

DùùrùNìkan · 7:10

Mo ti rí i. Mo tún rí kọ́kọ́rọ́ kan àti owó irin náírà kan. Àǹtí ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ wọn ni, ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti ń wá a.